Ohun Tó Wúwo Nínú Ọkọ̀ Káṣìmawò

Ọ̀pá iná tí wọ́n fi ń fún ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lágbára ti dé òpin, Tẹjúmọ́lá sì fi gbogbo ara tì í, síbẹ̀ ọkọ̀ náà ń lọ bí àgùntàn tó lóyún. Ọ̀sán gangan ni. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí afẹ́fẹ́, kò sí ìgbì tí ènìyàn lè dá lẹ́bi. Níwájú rẹ̀, Káṣìmawò ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ti sin, ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré kan lọ. Kò kánjú. Ó wọ bùbá aláwọ̀ ewé tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Bó bá ti wa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sinmi, á wo ẹyẹ. Síbẹ̀ Tẹjúmọ́lá kò lè lé e bá.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Ìjà ló fẹ́ bá a jà. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni dókítà ti sọ fún Káṣìmawò pé ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, tí kò ní pẹ́ dákẹ́. Káṣìmawò pa á mọ́ fún ìyàwó rẹ̀ títí di àárọ̀ tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí kò bọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà há Tẹjúmọ́lá lọ́fun bí egungun ẹja. Ó ti lọ sọ ọ́ lójú oórì, ṣùgbọ́n oórì kì í fèsì. Nísinsìnyí tí ó ti rí ẹ̀yìn ọkùnrin náà, ó ní ojú omi yìí ni àwọn yóò ti yanjú rẹ̀.

Káṣìmawò fúnra rẹ̀ ló ra ọkọ̀ oní-fáíbà tí Tẹjúmọ́lá ń wà yìí. Kò rà á fún èrò, kò rà á fún ẹja. Fàájì ló rà á fún. Nígbà ayé rẹ̀, bó bá ti fún un níná, imú ọkọ̀ á kọ́kọ́ gbéra, á tún wálẹ̀, á wá máa fò lórí omi bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé sọ. Lọ́jọ́ yìí, imú gbéra, kò wálẹ̀. Ọkọ̀ ń wo sánmọ̀, ìdí rẹ̀ sì rì sínú omi bí ìdí adìyẹ tó ń sàba.

Ẹ̀ńjìnnì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe ẹjọ́ òun. Tẹjúmọ́lá bi í pé ẹjọ́ ta ni. Ó ní kó tú òun wò, kó yéé ti òun lọ́rùn.

Tẹjúmọ́lá pa á, ó tú asẹ́ tó ń sẹ́ epo. Omi ló bá níbẹ̀, omi tó mọ́ gaara, tó jókòó sábẹ́ bẹntiróòlù bí onílé. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́. Omi náà wúkọ́. Ikọ́ Káṣìmawò ni, ikọ́ tí ó máa ń wú ní ìdájí tí yóò sì ní ọyẹ́ ló fà á. Tẹjúmọ́lá ti po oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ fún ọyẹ́ yẹn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó gbọn omi náà dà sínú ọ̀sà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ó ṣáná sí ẹ̀ńjìnnì. Ohùn rẹ̀ já geere, ṣùgbọ́n eré kò lé.

Ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná fún ẹ̀ńjìnnì. Ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò. Bó ṣe ń fi gèlè orí rẹ̀ nù ún, púlọ́ọ̀gì náà ní kó bá òun nu ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ó nù ún, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Eré kò lé. Káṣìmawò ti tún wa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti jìnnà.

Ó wá fa ẹ̀ńjìnnì sókè kúrò nínú omi kí ó lè wo abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Ó rò pé àwọ̀n apẹja ló wé mọ́ ọn. Gèlè ni. Gèlè Àǹtí Rìsíkátù ni, àbúrò Káṣìmawò, èyí tó wé lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ. Tẹjúmọ́lá fà á, kò tán. Ó fà á títí ó fi kún ẹsẹ̀ rẹ̀, tó gun orókùn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tí yóò ká òun. Inú bí i. Ó fi eyín gé e. Abẹ̀bẹ̀ náà dá ṣáká, kò tẹ̀, kò sán. Ó tún fún ọkọ̀ níná. Ariwo gba gbogbo ọ̀sà. Ìdí ọkọ̀ tún rì, imú tún ń wo sánmọ̀.

"Wo ìsàlẹ̀," ẹ̀ńjìnnì wí. "Ẹrù lo gbé."

Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa lọ, ó ṣí pákó abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bọ́ sí pálọ̀ Bùọ̀dá Lámídì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Aago ògiri wà níbẹ̀, àwọn àga wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lórí ìfẹ̀yìntì wọn. Gbogbo ará ilé ọkọ rẹ̀ jókòó, wọ́n ń jẹun. Omi mu wọ́n dé orókùn, ṣùgbọ́n kò dí wọn lọ́wọ́. Bí ẹran bá bọ́ láwo, wọ́n á fi ọwọ́ wá a nínú omi, wọ́n á sì jẹ ẹ́.

Tẹjúmọ́lá kúnlẹ̀ kí wọn bó ṣe máa ń ṣe. Omi dé ìgbáyà rẹ̀. Bùọ̀dá Lámídì dáhùn, ó ní kí ìyàwó wá jókòó, kí ó bu oúnjẹ. Ó ní láti ọjọ́ ìsìnkú ni àwọn ti wà níbẹ̀, ọkọ̀ àbúrò àwọn ni, ibo ni àwọn tún fẹ́ lọ? Wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ọ̀rọ̀ nípa ọkàn Káṣìmawò ni. Wọ́n mọ oògùn tó ń lò, wọ́n mọ àwọ̀ rẹ̀.

Tẹjúmọ́lá béèrè bóyá wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àǹtí Rìsíkátù ní gbogbo àwọn ló mọ̀, títí kan àga. Àga tó jókòó lé ní lóòótọ́ ni, òun mọ̀.

"Òun ló ní ká má sọ," Bùọ̀dá Lámídì wí, ó ń fa eegun mu. "Ìwọ náà kúkú mọ ara rẹ. Ẹkún lo máa sun."

Tẹjúmọ́lá dìde lórí ìkúnlẹ̀. Inú tó ń bí i ti kọjá ibi ariwo, ó ti di ohun tútù kan tó dúró sójú kan nínú rẹ̀. Ó rìn kọjá láàárín wọn lọ sí ẹ̀yìn pálọ̀, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó rí ìdérí idẹ tí wọ́n fi ń dí ihò ìdí ọkọ̀. Gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ ló mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá dúró tí ènìyàn ṣí ihò yìí, yóò rì; ṣùgbọ́n bó bá ń lọ, omi inú ni yóò máa sá jáde. Ọkọ̀ ń lọ. Ó yí ìdérí náà títí ó fi tú, ó sì yọ ọ́.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ sì ń bá a lọ bí ilá tó bọ́ sọ́nà ọ̀fun. Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Bùọ̀dá Lámídì gbé àwo rẹ̀ sókè kí ọbẹ̀ má baà dànù. Àǹtí Rìsíkátù ní òun yóò fẹjọ́ sùn, kò sọ ẹni tí òun yóò fẹjọ́ sùn fún, orí rẹ̀ ti kọjá. Àga tó mọ̀ náà fẹ́ há sẹ́nu ihò. Tẹjúmọ́lá fi ẹsẹ̀ tì í jáde. Ó dí ihò náà padà, ó gun òkè.

Imú ọkọ̀ ti wálẹ̀. Ọkọ̀ ń fò. Ìró rẹ̀ fẹ́ fò lọ nídìí rẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ sẹ́yìn etí, kò sì gbà pé ẹkún ni.

Ó lé Káṣìmawò bá. Ó dín iná kù, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá ọkọ̀ kékeré náà, kò sì rọra gbá a. Káṣìmawò yíjú. Ojú rẹ̀ ń dán, ó tilẹ̀ ti sanra díẹ̀, ìyẹn sì tún bí obìnrin náà nínú. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yìí, "ìwọ" ló jáde.

"O mọ̀," ó ní.

"Mo mọ̀."

"O sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. O sọ fún àbúrò rẹ. O sọ fún àga."

Káṣìmawò gbé àjẹ̀ lé itan. Ó ní bí òun bá sọ fún un, yóò máa wo òun bí ẹní ń wo ògiri tó fẹ́ wó. Ó ní òun fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo kù láyé tí yóò máa wo òun bí ènìyàn.

"Ojú mi ni," Tẹjúmọ́lá wí. "Ta ló ní kí o bá mi yan ohun tí ó máa rí?"

Káṣìmawò fi àjẹ̀ sílẹ̀, ó ti ọkọ̀ kékeré bọ́ sínú ọkọ̀ Tẹjúmọ́lá. Ọkùnrin gíga ni, tó jẹ́ pé nígbà ayé rẹ̀, bó bá ti wọ ọkọ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ á di nǹkan mú. Ọkọ̀ kò mì. Ó lọ jókòó sẹ́yìn. Ọkọ̀ kò tẹ̀.

Tẹjúmọ́lá fi ìbínú fún ọkọ̀ níná, kí ọkùnrin náà lè ṣubú díẹ̀ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun. Ọkọ̀ ń sáré bí ìgbà tí obìnrin náà nìkan wà nínú rẹ̀.

"Jókòó dáadáa," ó ní.

"Mo ti jókòó."

"Mo ní kí o fi ara sílẹ̀."

"Mo ti fi í sílẹ̀, Tẹjú."

Tẹjúmọ́lá fi ọ̀pá iná sílẹ̀. Ó gbé ìdákọ̀ró onírin, ó jù ú lé e ní itan. Káṣìmawò gbà á, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ. Ọkọ̀ tún sáré sí i. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo lé e. Ó gbé bátìrì lé e. Ó gbé ike oúnjẹ, okùn, gbogbo ohun tó wúwo tí ọwọ́ rẹ̀ bà, ó ń kó o lé e, ó ń bú u, ọkùnrin náà ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúpẹ́. Bó ṣe ń kó o lé e ni ọkọ̀ ń fúyẹ́. Nígbà tí kò rí nǹkan kan gbé mọ́, ó dúró, ó ń mí, ó bojú wẹ̀yìn. Omi ọ̀sà dákẹ́ rọ́rọ́ títí dé bèbè. Kò sí ipa ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀, kódà ti ọkọ̀ tirẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tó wúwo nínú rẹ̀ mọ́.