Ohun tí Ẹsẹ̀ Òsì Mọ̀

Ọkọ̀ náà ta gìrì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tí òsúkè mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́jẹ́ lọ bíi pé kò sí ohun tó ń kán an lójú láyé. Ẹ́ńjìnnì tó ń bú ramúramù ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ sẹ́yìn ti wálẹ̀ sí ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Obìnrin tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá sítíárì, ó sì pòṣé kan tó gùn.

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn," àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sọ ọ́ sí i létí láti inú rédíò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá a padà wá."

"Mo gbọ́."

"Ẹ má bínú sí ọkọ̀ o."

"Ta ló ń bínú sí ọkọ̀? Ìwọ ni mò ń bínú sí."

Irọ́ ni. Kì í ṣe àbúrò rẹ̀ ló ń bínú sí, kì í sì í ṣe ọkọ̀. Ara rẹ̀ ni, pàápàá jù lọ láti orókún òsì lọ sísàlẹ̀. Ó yí ọkọ̀ náà padà sórí pápá gbọọrọ tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú ń bà sí nígbà kan rí, ó sì rọra ń wà á bọ̀ níbi ìlà funfun tí wọ́n fà sílẹ̀.

Ọdún méjìlélógún ló ti ń wa ọkọ̀ eré ìje fún ṣọ́ọ̀bù yìí. Ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè é kì í ṣe ẹ̀sín o, oríyìn ni. Láyé àwọn ọkọ̀ tí kílọ́ọ̀ṣì, irin tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà, wà lẹ́sẹ̀ awakọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tú sílẹ̀ tó o. Bí wọ́n bá ti ju ọwọ́ sílẹ̀ pé ó yá, á máa gbé ẹsẹ̀ òsì bọ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa fetí sí i, títí yóò fi mọ̀ pé táyà ti di ilẹ̀ mú. Ìgbà yẹn ló tó máa jọ̀wọ́ ìyókù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣì máa jó táyà lójú kan, òun á ti lọ. Bàbá rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ló kọ́ ọ, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan lẹ́yìn ilé wọn. Bàbá á bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn táyà, á ní, "Ó yá, gbéra. Bí o bá tẹ bàtà mi, àwa méjèèjì la jọ máa fẹsẹ̀ lásán rìn délé." Kò tẹ̀ ẹ́ rí.

Ọkọ̀ tuntun yìí kò ní kílọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀ rárá. Méjì ló ní, àmọ́ inú àpótí jíà ló kó wọn sí, níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè dé. Ọ̀kan di jíà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún mú. Èkejì di ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà mú. Bí ọ̀kan ṣe ń jọ̀wọ́ ni èkejì ń gbà á, èèyàn ò ní mọ̀gbà tí wọ́n pààrọ̀. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ló ń darí gbogbo ẹ̀. Awakọ̀ tó bá fẹ́ gbéra pẹ̀lú agbára á tẹ bọ́tìnì kan, á fi ẹsẹ̀ òsì tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ gbọn-in, á wá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹná kanlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ á dúró. Bó bá ti kúrò lórí búréèkì báyìí, ó parí, kọ̀ǹpútà á ṣe ìyókù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tólẹ̀.

Ọmọ tirẹ̀ ti ṣe é láàárọ̀. Ọmọbìnrin náà pé ọdún mẹ́tàlélógún, òun náà sì ni awakọ̀ kejì ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀: ìdíje ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, awakọ̀ kan péré ni wọ́n ń gbà fún ọkọ̀ kan, òun sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ ránṣẹ́ kí aago méjìlá tó lù. Ẹni tó bá yára jù láti ibi ìlà dé òdìkejì kọ́nà àkọ́kọ́ ló máa wà á. Ọmọ náà lo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá àti ààbọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ lo mẹ́tàlá nígbà àkọ́kọ́, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí kò tiẹ̀ ṣeé kà. Ìgbà mẹ́rin péré sì ni ọkọ̀ ń gba irú ìgbéra bẹ́ẹ̀ kí jíà tó gbóná kọjá ààlà, lẹ́yìn náà ó di kó sinmi fún odidi wákàtí kan. Méjì ló kù fún un.

Àbúrò rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà lórí àga onípákó kan, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan. Òun ni onímọ̀ ẹ̀rọ wọn. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti sọ̀ kalẹ̀.

"Ìlà pupa yìí ni búréèkì. Ẹ wo ti ọmọ yín." Ìlà náà wà lókè tẹ́lẹ̀, ó kàn já wálẹ̀ lójijì. "Ẹ wá wo tiyín." Ìlà ti Ẹlẹ́sẹ̀ ń bọ̀ nílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí àgbàlagbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Tèmi lẹ́wà jù," ni Ẹlẹ́sẹ̀ wí.

"Ó lẹ́wà, kílọ́ọ̀ṣì lẹ bá ń tẹ̀. Búréèkì rèé o. Bí ẹ bá ń tú u díẹ̀díẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ ti yí ọkàn padà, á wá gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì."

"Ta ló sọ fún un pé mo yí ọkàn padà?"

"Ẹsẹ̀ yín ni."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín níbi tó dúró sí, akoto rẹ̀ lábẹ́ abíyá. "Màmá, ẹ kàn fò kúrò lórí ẹ̀ ni. Ẹ ṣe bíi pé ó gbóná."

"Ìwọ tí mo ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń páàkì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn."

"Òótọ́ ni, Màmá. Ẹ ò sì kọ́ mi ní kílọ́ọ̀ṣì tán."

Òótọ́ ni lóòótọ́. Ó gbìyànjú láti kọ́ ọ lórí òkè kan náà yẹn, ọmọ náà pa ẹ́ńjìnnì nígbà mọ́kànlá, ó bú sẹ́kún, ó ní ìjìyà wo lèyí nígbà táwọn ọkọ̀ tó ń fúnra wọn pààrọ̀ jíà wà káàkiri. Ẹlẹ́sẹ̀ fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì tí kò mọ nǹkan kan ni ọmọ náà gbé wọnú ọkọ̀ láàárọ̀ yìí, nítorí náà kò sí ohunkóhun tó dí i lọ́wọ́.

Ó padà sórí ìlà. Ó gbóná, ó gbóná, ó ń sọ fún ara rẹ̀ lábẹ́ akoto. Ó tẹ bọ́tìnì, ó tẹ búréèkì, ó tẹná kanlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ké. Ọ̀gá ju ọwọ́ sílẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ fò, ó kéré tán ó rò pé òun fò, àmọ́ ẹsẹ̀ náà gbọ̀n lórí irin, ó wá rọra gòkè bó ṣe máa ń ṣe. Ọkọ̀ tún mú òsúkè. Lọ́tẹ̀ yìí kò pòṣé. Omi kàn lé ròrò sí i lójú, ó sì dúpẹ́ pé akoto wà lórí òun.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló rìn wá bá a. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, kì í yára rìn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé.

"Ẹlẹ́sẹ̀."

"Ọ̀gá."

"O ò ní bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Mo ti ń bínú kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ilé ẹ náà lọkọ̀ ṣì wà. Bí ọmọ ẹ bá wà á, ìwọ lo wà á. Wá dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, kó o máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ náà, òun ló tiẹ̀ jẹ́ kó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó mọ irú èèyàn tí òun jẹ́: bí ẹlòmíì bá gbé òun, gbogbo ọ̀nà lòun máa ń tẹ búréèkì tí kò sí níbẹ̀. Kí ni òun fẹ́ máa ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà? Kóun máa ju ọwọ́ sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ?

"Ọ̀gá, ṣé mo ti lo ìgbà mẹ́rin?"

"Ó ku ọ̀kan."

"Aago mélòó ló lù?"

"Mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ogún ìṣẹ́jú sí i. Bí mi ò bá ṣe é, èmi fúnra mi ni mo máa fa ọwọ́ ọmọ mi wá."

Ọ̀gá wò ó, ó mi orí pé kò burú, ó sì kúrò níbẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ búréèkì nínú ọkọ̀ tó dákẹ́, ó ń gbé ẹsẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ padà. Nígbà mẹ́wàá tó gbé e, bákan náà ló ń gòkè, bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ìkókó ń sùn sí. Ó wo ẹsẹ̀ náà. "Ìwọ ẹsẹ̀ yìí," ó bá a wí, "ṣé o ò mọ̀ pé iṣẹ́ ti yàtọ̀ ni?"

Ẹsẹ̀ kò mọ̀. Ibo ló ti fẹ́ mọ̀? Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ohun tó kọ́, kò ní gbàgbé ẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí lórí rẹ̀ báyìí ló rí i pé òkè àti ilẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ́ ẹsẹ̀ yìí. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ rí. Kò sí àṣà kankan tó ti mọ́ ọn lára níbẹ̀.

Ó sún ẹsẹ̀ sí etí búréèkì, tó jẹ́ pé ìdajì bàtà ló wà lórí irin. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò wá gbé ẹsẹ̀ rárá. Ó kàn fà á lọ sápá òsì. Bàtà yọ̀ kúrò, irin ta sókè fúnra rẹ̀, pàá!

"Kí lẹ ṣe yẹn?" Àbúrò rẹ̀ ti dìde lórí àga. "Ẹ tún un ṣe!"

Ó tún un ṣe. Pàá!

"Yéè! Ìlà yín já bíi ti ọmọ yín gan-an!"

"Lọ sọ fún Ọ̀gá pé mo ti ṣe tán."

Nígbà tó dé orí ìlà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Kò gbàdúrà, kò sì bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bọ́tìnì. Búréèkì, létí létí. Iná, kanlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gòkè, ó dúró sójú kan, ó ń ké. Ọ̀gá ju ọwọ́ sílẹ̀, Ẹlẹ́sẹ̀ sì fa ẹsẹ̀ sápá òsì.

Ọkọ̀ náà gbé e. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àga, ọrùn rẹ̀ le, táyà kò han rárá, jíà kìíní di ìkejì láìjẹ́ pé ohun kan já láàárín. Ó ń retí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí iṣẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ti sùn sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń najú. Nírú àkókò yìí tẹ́lẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ pátá ló máa ń wà nínú ẹsẹ̀ yẹn, etí rẹ̀, ojú rẹ̀, èémí rẹ̀. Kò rí ohun tó máa fi wọ́n ṣe mọ́, ló bá gbé ojú sókè.

Kọ́nà náà nìyẹn níwájú, àti àwọn táyà tí wọ́n kùn lódà pupa láti fi ṣe ààlà rẹ̀. Ó ṣì jìnnà. Ó rí iyanrìn tí atẹ́gùn gbá jọ sápá òde, níbi tí òun àti ọmọ rẹ̀ ti ń gbà láti àárọ̀. Ó rí i pé ilẹ̀ apá inú dúdú, ó mọ́, ó sì tẹ̀ wọnú díẹ̀ bí àwo pẹrẹsẹ. Àyè wà dáadáa láti pinnu. Ó dúró pẹ́ kó tó tẹ búréèkì, ó gba inú, táyà di ilẹ̀ mú bíi pé wọ́n jọ ṣe àdéhùn, ó sì jáde lódìkejì pẹ̀lú iná kíkún.

Ó ń retí ohùn àbúrò rẹ̀ nínú rédíò.

"Ṣé o ti sùn ni?" ni Ẹlẹ́sẹ̀ bi í.

"Mẹ́wàá," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́wàá géérégé ni."

Nígbà tó wakọ̀ padà dé, Ọ̀gá ti gbé fóònù sójú, ó ń fi orúkọ ránṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún, kò sì fi pamọ́. Síbẹ̀ òun ló ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Màmá, mo wo ìlà wa méjèèjì. Bákan náà la ṣe gbéra, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Kọ́nà lẹ ti fi mí sílẹ̀. Kí lẹ ṣe níbẹ̀?"

Ẹlẹ́sẹ̀ yọ akoto. "Mo rí i."

"Ẹ rí kí ni?"

"Kọ́nà náà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣeré."

Òun náà kò ṣeré. Ó ń wá ọ̀rọ̀ ni. Ó lè ka gbogbo ìgbéra tó ti ṣe láti ọdún méjìlélógún lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí ó tutù, ibi tí táyà ti fẹ́ yọ̀, ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́nà àkọ́kọ́ yẹn dà? Kò rántí ọ̀kan. Kí ọkàn rẹ̀ tó kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, inú kọ́nà ló máa ń bá ara rẹ̀, ọwọ́ á sì máa wá bó ṣe máa yọ ọ́. Wọ́n yìn ín fún ẹsẹ̀ yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí òun náà fi gbà pé ibẹ̀ ni òun wà. Ní òní tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ náà, òun kò dín kù. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wọlé, jókòó tì mí," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ká rọra wà á lọ síbẹ̀. Èmi náà fẹ́ tún un wò."