Ohun Tó Rọ̀ Láàárín Irin Méjì

"Kẹ̀ẹ̀... kẹ̀ẹ̀... gbàù!"

Bí ẹ̀rọ ìlọkà náà ṣe ké nìyẹn, ní ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn, kó tó dákẹ́ rọ́rọ́. Lónìí, bí bàbá náà ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, ohùn yẹn gan-an ló tún gbọ́. Inú orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ló ti ń wá.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọ lífíìtì," ọmọ rẹ̀ obìnrin wí.

"Ṣé lífíìtì ni mo wọ̀ wá sáyé ni?"

"Rárá o. Àmọ́ ẹ ti ń bú àtẹ̀gùn yìí láti ìsàlẹ̀, kò sì ṣẹ̀ yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sinmi díẹ̀. Ẹ̀rọ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe, ìdúró ló sì fi ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sá fún ìwé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí. Bó bá tún sá lónìí, dókítà ti sọ ọ́ láìfi sábẹ́ ahọ́n: ọ̀pá méjì ló kàn, lẹ́yìn náà àga onítáyà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ sì ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ó ṣì wà nílùú tí òun ti kúrò tipẹ́. Kò fẹ́ kí wọ́n ti òun bí ẹrù dé iwájú ẹni yẹn.

Dókítà eegun, obìnrin tí kò lè ju ọmọ rẹ̀ lọ, ti to àwọn orúnkún àtọwọ́dá sórí tábìlì bí ẹni pàtẹ. Bàbá gbé ọ̀kan, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó yí i sí ojú fèrèsé, ó fi èékánná ha á.

"Ta ló dán èyí? Ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

"Àdàlù kóbáàtì àti kúrómù nìyẹn, bàbá. Ó le, kì í tètè jẹ. Èyí tó ń jókòó sísàlẹ̀, tìténíọ̀mù ni. Ó fúyẹ́, eegun sì máa ń gbà á mọ́ra. Ẹ̀kẹta yìí, irin lòun náà, àmọ́ wọ́n ti sọ ojú rẹ̀ di bíi tánganran."

"Èwo ló dára jù?"

"Ẹ bi mí léyìí tó bá ara yín mu." Ó tẹjú mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi okùn aṣọ de aago?"

"Okùn onírin máa ń yún mi."

Ọmọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Irin ni wọ́n fi ń jẹun, irin ló tún ń yún wọn!"

"Níkẹ́lì tí wọ́n ń lú mọ́ irin ni, ó sì wà díẹ̀ nínú orúnkún àkọ́kọ́ yẹn," dókítà wí. "Mi ò ní parọ́ fún yín: kì í ṣe gbogbo ẹni tí irin ń yún ni orúnkún irin ń dà láàmú. Àwọn tó gba ti àkọ́kọ́ ń rìn dáadáa, a ò sì tíì lè búra pé ti tánganran á pẹ́ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n fún yín, ti tánganran ni màá mú, kí ọkàn wa lè balẹ̀."

Bàbá gbé irin lé irin, ó fi wọ́n ra ara wọn. Kẹ̀ẹ̀. Ó yára yà wọ́n.

"Ṣé báyìí ni wọ́n á ṣe máa lọ ara wọn nínú mi?"

"Rárá o! Èyí ló ń wà láàárín." Ike funfun kan ló nà sí i, kò nípọn ju ìka lọ. "Irin yòówù kẹ́ ẹ mú, ike yìí ò ní ṣàì sí níbẹ̀. Òun ló ń gba ìyà. Á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, kí àwọn yòókù lè wà bí wọ́n ṣe wà."

Bàbá gba ike náà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò.

Idẹ ni tiwọn ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Búùṣì idẹ, òrùka rírọ̀ tó ń gba ìyà fún irin, kì í wọ́n láàárín irin méjì. Òfin ibẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ní ohun tó lé ní ogójì ọdún yẹn, ẹ̀gbọ́n lọ ra idẹ, ẹni tó ni ẹ̀rọ ìlọkà ń pariwo pé òun ń yára, bàbá yìí, tí ẹ̀gbọ́n ń pè ní Kánjú nígbà náà, sì ti irin bọ inú irin láìfi búùṣì sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ fi ké kó tó kú. Nígbà tí ẹni tó ni ín fìbínú dé, kí Kánjú tó lanu, ẹ̀gbọ́n ti wí pé, "Ọwọ́ mi ló ṣe é." Wọ́n bú ẹ̀gbọ́n bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Kánjú ń wolẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó rìnrìn àjò, kò sì padà gbé ibẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, òjò àti àlàáfíà àwọn ọmọ nìkan ni òun àti ẹ̀gbọ́n ń bá ara wọn sọ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ò bi í léèrè rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tiẹ̀ ti lọ fún ogójì.

"Ẹ fún mi ní bírò," ó wí.

Ọmọ rẹ̀ wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀. Bàbá fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ náà, ó dá ike padà jẹ́jẹ́, ó jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìka kan ló fi ń tẹ fóònù. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó sì fi ránṣẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n mi, Kánjú ni. Èmi ni ò fi búùṣì sí ẹ̀rọ ìlọkà ọjọ́ yẹn. Ẹ mọ̀, ẹ sì gbà á rù fún mi. Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ orúnkún mi lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tó rọ̀ wà láàárín rẹ̀, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo ń fẹsẹ̀ ara mi bọ̀."