Àwo Tuntun Nílé Búrẹ́dì

Lánàá, ọmọ ọmọ mi fi fóònù sí mi létí, ó ní, "Bàbá Àgbà, ẹ gbọ́ orin ìgbà yín." Bí fèrè ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe dún báyìí, òórùn búrẹ́dì gbà mí nímú, nínú ìlú òkèèrè tí mo ti hu ewú sí yìí.

Màámi ló ni ilé búrẹ́dì. Èmi ni mo máa ń ti páànù wọ ààrò. Ooru ti pa aago ara ògiri tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, torí orin ni aago wa. Bí páànù bá ti wọlé, Màámi á gbé abẹ́rẹ́ giramafóònù lé àwo orin kan ṣoṣo tí a ní. Orin ijó ló kún inú rẹ̀, irú èyí tí èèyàn ò lè gbọ́ kí èjìká má mì. Bí olórin bá ti kọrin tó kẹ́yìn tán, búrẹ́dì ti jiná nìyẹn. Àwo náà ti gbó, ara rẹ̀ ti ha bí ojú pákó ìgéran, ṣùgbọ́n búrẹ́dì wa ò tàsé rí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbéyàwó, Ìyàwó gbé ẹ̀bùn wá fún Màámi: àwo yẹn gan-an, tuntun, tó ń dán bí ojú omi. Màámi súre fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì gbé ti àtijọ́ pamọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni búrẹ́dì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Àwọn oníbàárà ń dá a padà. Mo kó igi kún ààrò: ẹ̀yìn jó, inú ò jiná. A pààrọ̀ ìyẹ̀fun, pàbó. Ni àbúrò Màámi, ẹni tí a ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi, bá là á mọ́lẹ̀.

"Ṣé a rí irú èyí rí kí ìyàwó yìí tó dé? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ò dáa."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ wo? Ẹsẹ̀ tó wọlé tí búrẹ́dì ò jiná mọ́!"

Màámi ò sọ nǹkan kan. Àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ló dun Ìyàwó jù. Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí.

"Akọ̀wé mi," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "mo ń lọ sílé wa kí wọ́n tó lé mi. Ẹ bá mi kí Màámi."

Mo ní, "Ẹ wá kí wọn fúnra yín."

A bá Màámi lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ nínú ìyẹ̀fun. Kò tan giramafóònù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń rọra kọrin: "Padà wá, ọ̀nà kò jìn, kò jìn, kò jìn, kò jìn, kò jìn…"

Ìyàwó ò lè pa á mọ́ra, tòun ti àpótí lọ́wọ́. "Mà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni olórin sọ 'kò jìn'."

"Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀? Ta ló gbọ́ orin yìí jù mí lọ? Ibẹ̀ ló máa ń há sí. Á máa wí i ṣáá, títí ẹnì kan á fi ṣan ìyẹ̀fun lọ́wọ́, á nu ún, á wá lọ ti abẹ́rẹ́…"

Èmi àti Màámi jọ yíjú sí ààrò. Àwo tuntun kì í há! Gbogbo ìgbà tí ti àtijọ́ fi ń há yẹn, búrẹ́dì ń jiná lọ ni, a ò sì mọ̀.

Màámi jókòó lé àpò ìyẹ̀fun, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ Ìyàwó mú, ìyẹ̀fun kùn ún dé ìgúnpá.

"Gbé àpótí sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ dáa. Àwo wa ló ń tiro. Má bínú sí mi."

Bí àpótí yẹn ṣe kanlẹ̀, gbogbo wa mí kanlẹ̀. A gbé àwo àtijọ́ jáde. Nígbà tó há, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ tì í. A ń jó "kò jìn, kò jìn" yíká tábìlì, Ẹnu-Ò-Sinmi ló síwájú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àǹtí, ẹsẹ̀ ta lẹ ní ò dáa?"

"Ẹsẹ̀ wo? Ẹsẹ̀ tábìlì ni mo ń bá wí!"

Nígbà tí mo gé búrẹ́dì, ọ̀bẹ jáde ní mímọ́.

Lánàá, nínú fóònù, olórin dé ibi 'kò jìn', ó sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ọmọ ọmọ mi na ọwọ́ fún fóònù rẹ̀.

"Bàbá Àgbà, ó ti parí."

"Mú sùúrù díẹ̀," ni mo wí. "Kò tíì jiná."