Òkú Ni Dámilọ́lá

Láti ìpín kẹrin ni Adélékan ti ń sọ pé òkú ni Dámilọ́lá, kò sì sí ẹnì kan tó gbà á gbọ́ ní gbogbo àdúgbò Akpakpa.

Kí ọ̀rọ̀ náà má bàa dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, Dámilọ́lá kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan. Inú fóònù ló ń gbé, nínú ìtàn alááwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Ilé Etí Òkun. Obìnrin kan ní Sèmè-Kpodji ló ń ya àwòrán rẹ̀, òun náà ló ń wá àwọn tó ń fi ohùn sí i. Ní gbogbo Sátidé ni ìpín tuntun ń jáde. Àwòrán á yọ, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀, Yorùbá díẹ̀, Nàgó díẹ̀. Tó bá dé ibì kan, ìtàn á dúró, ìlà méjì á sì yọ sí ìsàlẹ̀: ṣé kí Adéyẹmí jẹ ẹja ni, tàbí kó jẹ ẹyin? Ṣé kó wọlé ni, tàbí kó dúró síta? Èyí tí o bá tẹ̀ ni Adéyẹmí yóò ṣe. Ìwé mẹ́rin péré ni Adélékan kà kó tó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé òun ò wá mọ́, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́rin tó ìlà méjì kà.

Adéyẹmí yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba yàrá sí ilé kan ní Ekpè, lẹ́bàá òkun. Yàrá kejì ni Dámilọ́lá wà. Ó ń yan ẹja, ó ń tà á, ẹ̀rín rẹ̀ dùn, gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ìtàn náà ló fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ bí àlejò bá ti ti Pobè dé báyìí, Dámilọ́lá á sá wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn mọ́ra, kò ní jáde títí àlejò á fi lọ. Kí ló ń sá fún?

"Àkúdàáyà ni," ni Adélékan máa ń wí. "Pobè ló kú sí. Ó dìde, ó lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ó ń ṣòwò tirẹ̀. Ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá rí i, tó pe orúkọ rẹ̀, ọjọ́ náà ló máa pòórá. Ṣé ẹ ò gbọ́ nípa irú ẹ̀ rí ni?"

"A gbọ́ ọ," ni Ṣẹ̀ríìfù á dá a lóhùn, "lẹ́nu ìyá mi àgbà, nígbà tí kò fẹ́ ká jáde nílé."

Ìsọ̀ Rasidat ni wọ́n ti ń jiyàn náà, ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, létí títì tó lọ sí Porto-Novo. Rasidat ń tún fóònù ṣe. Ṣẹ̀ríìfù ń ta bátìrì ọkọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Mẹ́tìrì Benjamin, ọmọ Kétou, ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́. Adélékan ní tirẹ̀ ń rán awọ àga ọkọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: kí oníkálukú gbọ́ ìpín tuntun nílé rẹ̀, lórí fóònù tirẹ̀, kó tó wá lanu.

Ìpín kẹsàn-án wá jáde. Adélékan fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ ọ. Adéyẹmí gbéra lọ sí Pobè láti wádìí. Bàbá kan mú un gba ẹ̀yìnkùlé, ó sì fi sàréè kan hàn án, sàréè tí wọ́n fi táìlì funfun ṣe. Fọ́tò Dámilọ́lá ló wà lórí rẹ̀. Ó ti pé ọdún méje tí wọ́n ti sin ín.

Adélékan fò sókè. Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀ sáré dé láti ilé ìdáná, tòun ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Kí ló dé?"

"Ó ti kú! Mo sọ ọ́! Mo sọ ọ́ láti ìpín kẹrin!"

"Ta ló kú?"

"Dámilọ́lá!"

Rùkáyátù wò ó látòkè délẹ̀. "Àánú rẹ ṣe mí," ló wí, ó sì padà sídìí ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Adélékan wọ bùbá tó ti lọ̀ dáadáa, òun ló sì kọ́kọ́ dé ìsọ̀ Rasidat. Kò tíì jókòó tán tí Ṣẹ̀ríìfù fi yọ, tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti òdìkejì títì.

"Lékan! Ojú ti àkúdàáyà o! Ṣé o gbọ́? Ìyàwó oníyàwó ni. Ó sá fún ọkọ rẹ̀ ní Pobè, ó yí orúkọ padà!"

"Ọkọ wo? Sàréè ńkọ́?"

"Sàréè ta ni?"

Adélékan wo Rasidat, ó wo Mẹ́tìrì. Àwọn méjèèjì mi orí. Ọkọ làwọn náà rí, ọkùnrin gíga kan tó ń gun ọ̀kadà. Kò sí ẹni tó rí sàréè nínú wọn. Adélékan ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, táìlì funfun, fọ́tò, bàbá tó ń tọ́ka. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín ń pa Ṣẹ̀ríìfù.

"Ẹ wò ó, iyàn ti gbé ọkùnrin yìí dé orílẹ̀-èdè irọ́! Nítorí kó má bàa gbà pé òun ò mọ̀ ọ́n, ó gbẹ́ sàréè fúnra rẹ̀! Òpùrọ́ ni ọ́, Lékan. Òpùrọ́ tó mọ táìlì í tò!"

Àwọn tó ń dúró de fóònù wọn náà bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá Lékan," ni Rasidat wí jẹ́jẹ́, "ẹ mú fóònù yín wá, ká wò ó papọ̀."

Ká ní ó mú un wá ni, ọ̀rọ̀ á ti tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Adélékan ni à ń wí yìí, ẹni tó ti ń gba ọ̀nà jíjìn lọ sílé láti ọdún mọ́kànlá nítorí káfíńtà kan tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní àdúgbò náà. Káfíńtà ọ̀hún ti kó lọ. Adélékan ṣì ń gba ọ̀nà jíjìn.

"Mi ò mú un jáde," ló wí. "Bí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò bá tó yín, ohun tó wà lápò mi ò ní tó yín." Ó sì dìde lọ.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ohun tó dun Adélékan jù ni pé òun kì í purọ́. Ó lè bínú fún ọdún mẹ́wàá, ó lè kọ oúnjẹ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀, àmọ́ irọ́, rárá. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kò yọjú. Ó ti gbọ́ ìpín kẹwàá dé ìdajì, ó wá gbé fóònù kalẹ̀, nítorí kò dùn mọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ sàréè náà fún ọlọ́kadà kan, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e wọ gọ́tà níbi tó ti ń yíjú wẹ̀yìn láti bèèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Ó sọ ọ́ fún Rùkáyátù, ìyẹn ní ṣé Dámilọ́lá ló máa bá òun ra tòmátì ni? Ìtàn tí èèyàn ò rí ẹni bá jiyàn lórí rẹ̀, bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni.

Ní Sọ́ńdè kejì, Mẹ́tìrì Benjamin fúnra rẹ̀ wá a wálé.

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún kẹrìndínlógún mi rèé tí mo ń kọ́ ọmọdé. Mo mọ ojú ẹni tó ń purọ́. Tiyín kọ́ nìyẹn. Nǹkan kan wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ wá a."

"Fóònù mi ò ní kúrò lápò o."

"Kó jókòó síbẹ̀. Ẹnu yín ni mo fẹ́."

Bí wọ́n ti dé ìsọ̀ náà, Ṣẹ̀ríìfù ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin agbẹ́sàréè." Mẹ́tìrì yọ bírò àti ìwé.

"Ohun tí oníkálukú tẹ̀ láti ìpín kìíní ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀."

"Kí nìyẹn fẹ́ ṣe?" ni Ṣẹ̀ríìfù bèèrè. "Mo jẹ ẹja, Rasidat jẹ ẹyin, ìtàn wa ò yàtọ̀. Eré lásán ni títẹ̀ yẹn."

"Ẹ ṣáà jẹ́ kí n kọ ọ́. Ìpín kìíní: Adéyẹmí dé ilé, Màmá Àìná jókòó lẹ́nu ọ̀nà. 'Kí màmá', tàbí 'Kọjá lọ'. Èyí ò gba ìbéèrè, gbogbo wa la kí i. Ìpín kejì…"

Adélékan wúkọ́. "Èmi ò kí i."

Rasidat gbé irin gbígbóná tó fi ń jó wáyà sílẹ̀.

"Ẹ ò kí ta ni?"

"Màmá yẹn. Mo kọjá lọ."

"Áà!" Ṣẹ̀ríìfù di orí mú. "Àgbàlagbà! Tó funfun lórí báyìí! O gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ewúrẹ́!"

"Ó ti bú wa ká tó débẹ̀! Àbí ẹ ò gbọ́ ni? Ó ní 'Aláìnílé mìíràn tún dé.' Ẹni tó bú mi, mi ò ní kí i."

"Ta ló bú ọ? Adéyẹmí ló bú!"

"Ìka ta ni wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́? Ṣé ìka Adéyẹmí ni?"

Ẹ̀rín gba gbogbo ìsọ̀. Mẹ́tìrì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde dúró, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́! Ẹ ò mọ oríta Sèmè ni? Láti ibí, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń gbà. Tá a bá dé oríta, ẹni tó yà sósì ń lọ Porto-Novo, ẹni tó lọ tààrà ń lọ Kraké. Obìnrin tó ṣe ìtàn yìí gbọ́n o! Ó mọ̀ pé kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rí àgbà lẹ́nu ọ̀nà tí kò ní kí i. Ibẹ̀ ló gbé sàréè náà pamọ́ sí."

"Mo fẹ́ fojú mi rí i," ni Ṣẹ̀ríìfù wí.

Rasidat bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ tí ìtàn yóò fi máa sáré, tí ohùn gbogbo èèyàn inú rẹ̀ á dà bí ti ẹyẹ. Adélékan káwọ́ gbera, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá àwọn ṣọ́jà.

"Kọjá lọ. Jẹ ẹja. Dúró síta. Má dá a lóhùn. Kọjá lọ."

"Bọ̀dá Lékan, ṣé ẹ bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ nínú ìtàn yìí ṣá?"

"Mo bá Dámilọ́lá sọ̀rọ̀. Òun ò bú mi."

Ó gbà wọ́n tó ìdajì wákàtí. Wọ́n dé ìpín kẹsàn-án. Rasidat jẹ́ kó máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Pobè. Bàbá kan. Ẹ̀yìnkùlé. Orí mẹ́rin wà lórí fóònù kan. Táìlì funfun yọ, fọ́tò yọ, Dámilọ́lá ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Rasidat lọgun, ó ju fóònù sí Ṣẹ̀ríìfù lẹ́sẹ̀, Ṣẹ̀ríìfù náà fò dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àga dání.

Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, Ṣẹ̀ríìfù gbọn aṣọ rẹ̀.

"Lékan."

"Mò ń gbọ́."

"Ó wà níbẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Sàréè."

"Èmi wá ńkọ́? Kí ni mo jẹ́?"

Ṣẹ̀ríìfù kùn nǹkan kan sábẹ́ eyín.

"Tírélà kan ń kọjá," ni Adélékan wí. "Mi ò gbọ́."

Ṣẹ̀ríìfù jáde sétí títì, ó fi ọwọ́ yí ẹnu po, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì fi yíjú padà: "Adélékan kì í ṣe òpùrọ́ o! Kò lẹ́kọ̀ọ́, kì í kí àgbà, àmọ́ kì í ṣe òpùrọ́!"

Nínú ọkàn rẹ̀, Adélékan ti ṣètò pé títí di ọdún Iléyá ni òun ò ní bá Ṣẹ̀ríìfù sọ̀rọ̀. Ó ti ka oṣù tó kù. Ó ṣì ń wá bí yóò ṣe mú ojú rẹ̀ le nígbà tí Rasidat fà á láṣọ.

"Bọ̀dá Lékan, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tó rí sàréè tán, kí ló wá ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà ti ń yún Adélékan lẹ́nu láti ọjọ́ mẹ́jọ.

"Ó padà sí Ekpè," ló wí, ó sì ti jókòó kó tó mọ̀. "Ó bá a nídìí iná, tó ń yí ẹja padà. Dámilọ́lá gbójú sókè. Ìtàn wá dúró. 'Pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Pobè', tàbí 'Bèèrè ẹja'."

"Èwo lẹ tẹ̀?"

"Mi ò tíì tẹ nǹkan kan." Ó mú fóònù jáde lápò, ó gbé e sórí tábìlì láàárín wọn. "Ta ni mo fẹ́ bi?"

"Pè é!" ni Ṣẹ̀ríìfù wí. "Ìwọ lo ní òkú ni, àbí o fẹ́ kí Adéyẹmí fẹ́ òkú ni?"

"Òtítọ́ ló dára jù," ni Mẹ́tìrì wí.

"Ẹ ò láàánú!" ni Rasidat pariwo. "Ẹ jẹ́ kó máa yan ẹja rẹ̀!"

Wọ́n jà á títí oòrùn fi yí sẹ́yìn ìsọ̀. Adélékan gbọ́ tiwọn tán, ó na ìka.

"Ta ló ṣẹ̀?" ló bi wọ́n. "Ó kú, kò rò ó tẹ́lẹ̀, ó wá ibi tí òun á máa rẹ́rìn-ín sí. Kí n wá lé e kúrò níbẹ̀?" Ó sì tẹ 'Bèèrè ẹja'.

Dámilọ́lá inú fóònù rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Ẹja ńlá ni àbí kékeré?" ló bèèrè, ìlà méjì sì tún yọ sí ìsàlẹ̀.

"Ńlá!" ni Ṣẹ̀ríìfù ké.

"Kékeré," ni Adélékan wí. "Kí ni Adéyẹmí máa fi ńlá ṣe, òun nìkan?"

"Ṣé ìwọ lo máa jẹ ẹ́ ni?"

"Ìka mi ni!"