Ẹni Tó Ṣẹ́kù Nílé Bàbá Sàlàkọ́

Èmi ò bá ìṣirò jà. Bí Bàbá Sàlàkọ́, onílé wa ní Ìgándò, ṣe lò ó ló bí mi nínú.

Àwọn wolé-wolé ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Ayé ológun ni, gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ mọ́. Wọ́n yọjú sí balùwẹ̀ wa, wọ́n fọwọ́ di imú, wọ́n ní bí àwọn bá tún bá a bẹ́ẹ̀, àwọn á ti ilé náà pa.

Yàrá mẹ́tàlá la jẹ́, ti Bàbá wà nínú ẹ̀, ẹnì kan ni yóò sì máa ṣojú yàrá kọ̀ọ̀kan níbi fífọ balùwẹ̀. Bàbá ní kí a pín ara wa sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kan má fi ẹyọ èèyàn kan ju èkejì lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó tò wá sí àgbàlá bí a ṣe kó wọlé: òun níwájú, Ìdíátù aránṣọ, tó dé kẹ́yìn láti Ògbómọ̀ṣọ́, nídìí ìlà.

A dúró ní méjì-méjì. Ìdíátù ṣẹ́kù. Mẹ́ta-mẹ́ta. Ìdíátù ṣẹ́kù.

Adéolú, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìpájà, nawọ́ sókè.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀ jàre. Bí mẹ́rin bá lè pín wa, ṣé méjì ò ti ní pín wa ni? Mẹ́tàlá ò ṣeé pín. Prime ni.”

“Prime? Nínú ilé tí mo fi òógùn mi kọ́? Ta ló mú un wọlé?”

Ó ní ká máa bá a lọ. Mẹ́rin-mẹ́rin, Ìdíátù ṣẹ́kù. Márùn-ún-márùn-ún, èèyàn mẹ́ta ṣẹ́kù, Ìdíátù wà nínú wọn. Mẹ́fà-mẹ́fà, Ìdíátù nìkan ló tún dá dúró nínú oòrùn.

Bàbá Sàlàkọ́ mi orí bí adájọ́. “Ìdíátù, kì í ṣe pé mo kórìíra ẹ. Ìwọ náà ṣáà rí i. Ìwọ lo ṣẹ́kù. Kó ẹrù ẹ.”

“Ẹ̀yìn ni mo dúró sí, Bàbá! Ẹnikẹ́ni tó bá dúró síbí ló máa ṣẹ́kù!”

“Ó dáa, ta ló fẹ́ lọ dúró síbẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó mira.

Yàrá yẹn nìkan ni Ìdíátù ní láyé. Ibẹ̀ ló ti ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ àdúgbò, ilé ìwé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rù, ó forí lé ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Dọ́pẹmu. Ó dùn mí dọ́kàn.

A wá ku méjìlá. Bàbá ń jó. Kò mọ̀ pé méjìlá ṣeé pín ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi àti Matilda, tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi, fẹ́ mẹ́fà-mẹ́fà, kí iṣẹ́ fúyẹ́. Jàfárù káfíńtà ní mẹ́rin-mẹ́rin ló dáa. Àwọn kan yarí fún mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn kan ní àfi méjì-méjì, kí ọ̀lẹ má bàa ríbi sá pamọ́ sí. Jàfárù fi kànrìnkànrìn gbá mi létí. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọ nǹkan kan. Àwọn ìdin inú balùwẹ̀ nìkan ló wà ní ìrẹ́pọ̀ nínú ilé yẹn.

Wolé-wolé padà dé. Wọ́n fún Bàbá di Sátidé.

Adéolú ní, “Bàbá, nígbà tí a jẹ́ mẹ́tàlá, ọ̀nà méjì péré ló wà: kí kálukú dá a fọ̀, àbí kí gbogbo wa jọ fọ̀ ọ́. Kí ló fẹ́ fa ìjà níbẹ̀?”

Bàbá wọkọ̀ lọ sí Dọ́pẹmu, ó lọ bẹ Ìdíátù. Ìdíátù ò tilẹ̀ gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀rọ.

“Mo máa bọ̀, Bàbá. Àmọ́ a máa yí ìlà yẹn padà. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló máa ṣíwájú.”

Nígbà tó di Sátidé, Ìdíátù wà níwájú, Bàbá wà nídìí ìlà. Kò sẹ́ni tó ní kó tún pín wa o, ṣùgbọ́n ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀.

“Méjì-méjì!” ó pariwo. A dúró. Òun ló ṣẹ́kù.

“Mẹ́ta-mẹ́ta!” Òun náà ni. Ó ń wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí yóò lé jáde.

Ìdíátù wò ó tàánú-tàánú.

“Bàbá, àyè ṣì wà lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Dọ́pẹmu. Ẹ jẹ́ kí n bá yín kó ẹrù yín.”

Bàbá Sàlàkọ́ bẹ̀rẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀, ó ṣíwájú àwa yòókù wọ balùwẹ̀.