Ẹni Tí Sàfúrátù Ìbá Mú Sọdá

Ẹ má tíì bú Tinúadé. Ẹni tí kò bá fi ohun ayọ̀ pamọ́ de ìyá rẹ̀ rí ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 1972, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún láti àárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde. Owó epo ti ń wọlé nígbà náà, lọ́rì tuntun sì ń tẹ̀lé ara wọn lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀. Hẹdimásítà Ọlálérè wá ní kí àwọn tíṣà rẹ̀ ronú ohun tí àwọn ọmọ lè ṣe fún ìlú ní Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde. Àwọn kan ní kí wọ́n gbálẹ̀. Tinúadé, tíṣà kan lára wọn, ní ilẹ̀ wo ni wọn ò gbá nílé? Ó ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní òfin tuntun náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá di ọwọ́ àgbà kan mú sọdá, kó sì ṣàlàyé fún un.

Hẹdimásítà rẹ́rìn-ín. "Ọmọdé á wá máa kọ́ àgbà? Ó dáa o, Mísì. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ lọ ṣe é."

Láti ọjọ́ náà ni Tinúadé ti ń fi ẹfun fa títì sí ọgbà ilé ìwé. Àwọn ọmọ á dúró létí rẹ̀, wọn á pariwo pé, "Màmá, apá òsì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò!" Sàfúrátù, tí ohùn rẹ̀ kì í jáde ní kíláàsì, náà ń pariwo. Inú Tinúadé dùn sí i débi pé ó yan ìyá tirẹ̀ fún un, kí àwọn méjèèjì lè kọ́kọ́ sọdá.

Ìyá yìí, ẹ̀rù títì ti bà á gan-an nígbà tó dé láti Ṣàgámù. Tinúadé ló kọ́ ọ nígbà náà pé, "Màámi, apá ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò." Ìyá gbà á tọkàntọkàn. Ó máa ń fọwọ́ kan apá ọ̀tún rẹ̀ kó tó wo ọ̀nà.

Nígbà tó gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Kí ni wọ́n ń sọ nípa ọkọ̀ yìí?"

"Ẹ fara balẹ̀, Màámi. Ẹ̀yin ni àlejò pàtàkì wa ní Sátidé, àwọn ọmọ ló máa sọ fún yín. Ẹ ṣáà má jáde títí dìgbà náà."

Ta ni ìyá tí wọ́n pè lálejò pàtàkì tí kò ní wá gèlè tuntun? Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbéra lọ sí ọjà Aswani. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà létí títì rí i. Ó ní ìyá náà fọwọ́ kan apá ọ̀tún rẹ̀, ó wo ọ̀tún dáadáa, ó rí i pé ibẹ̀ dá, ó sì bọ́ sójú títì. Apá òsì ni lọ́rì ti wá. Bó tilẹ̀ jáde, kò ṣe àìgbọràn lójú títì. Ohun tí ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ ló ṣe.

Wọ́n sin ín ní Ṣàgámù lọ́jọ́ kejì, láìlù, láìjó, nítorí a kì í jó sí irú ikú bẹ́ẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Tinúadé ò sùn, kò sì jẹun.

Hẹdimásítà ránṣẹ́ pé kó jókòó sílé, ṣùgbọ́n ó wá ní Sátidé pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn. Àwọn ọmọ ń mú àwọn àgbà sọdá, àwọn àgbà ń súre fún wọn. Sàfúrátù nìkan ló dá dúró. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un.

"Àǹtí, ìyá yín dà? Àwọn lẹ ní kí n mú."

Tinúadé na ọwọ́ sí i. "Èmi ni kí o mú."

Wọ́n dé etí títì. Láìmọ̀, Tinúadé yí ojú sí ọ̀tún, síbi tí ìyá rẹ̀ wò kẹ́yìn. Ọmọ náà rọra fa ọwọ́ rẹ̀.

"Rárá, màmá," ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, "apá òsì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò."

Ọkọ̀ kankan ò bọ̀ lápá òsì, kò sì sí lápá ọ̀tún. Tinúadé ò lè gbẹ́sẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń sunkún, Sàfúrátù ò sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.