Orin Tó Ń Pẹ́ Dé

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín tilé-tọ̀nà. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó mú wa lọ, tó sì mú wa bọ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò bu iyì kún mi, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti dárí jì kò yẹ kó panu mọ́.

Kí ọlọ́jọ́ tó dé bá bàbá mi, ó di ọwọ́ mi mú lórí ibùsùn, ó ní, "Ìwọ ni kí o máa dá orin fún ìyá rẹ." Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́sàn-án, aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí kò bá mi lórí ibùsùn rí. Ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé ọkọ mi àti ilé ìyá mi. Màá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, màá dá orin, Màmá á gbè é, a ó gbàdúrà, kí n tó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Nígbà tí ọkọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, ní kí èmi àti òun àti ọmọ wa lọ sinmi létí omi fún ọjọ́ mẹ́wàá, ohun tí mo kọ́kọ́ bèèrè ni, "Ṣé nẹ́tíwọ̀kì wà níbẹ̀?" Mo ra dátà kí n tó di aṣọ. Ìyàwó àbúrò mi, onídìrí, ló ń bá Màmá gbé. Mo kọ́ ọ bí yóò ṣe gbé fóònù ti agolo ṣúgà lórí tábìlì, kí n lè máa rí ojú Màmá.

Ìdájí kìíní létí omi, mo pè wọ́n, mo dá orin. Mo ti parí ìlà kìíní kí wọ́n tó gbè é. Mo dúró dè wọ́n, àwọn náà dúró. Mo tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún fà sẹ́yìn, ohùn Ìyàwó níwájú, ti Màmá lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ yára díẹ̀."

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi."

Ìdájí kejì, irun tuntun wà lórí Màmá. Orí tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn àfi èmi!

"Màmá, ta ló dirí fún yín?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìyàwó mi ni. Ọwọ́ ẹ̀ ò dùn mí rárá. Ìwọ lo máa ń fa orí mi bí ẹni ń fa okùn ewúrẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ni. Ohun kan ń jó mi láyà bí áyọ́ọ̀nù tí a gbàgbé sórí aṣọ. Ní gbogbo ọjọ́ náà, ojú mi kò kúrò lórí fóònù. Ìyàwó ń fi fọ́tò síta: Màmá ń jẹun, Màmá àti Ìyàwó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkọ mi ní kí n wá wo ọkọ̀ ojú omi. Mo ní mo ti rí i, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbójú sókè.

Ìdájí kẹta, mo gbé orin sókè, mo sì fi eré sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àyè gbà á lọ́wọ́ mi. Orin fọ́n ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

"Kí ló dé?" Màmá bèèrè. "Ṣé ọkọ̀ ń dúró dè ọ́ ni?"

"Ẹ bi ìyàwó yín! Ìyàwó, o mọ̀ọ́mọ̀ ń fa orin yẹn sẹ́yìn ni. Tó o bá fẹ́ gba ohun tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, sọ ọ́ síta!" Mo pa fóònù kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Ọkọ mi wò mí títí. "Ìyá Adájọ́, mo rò pé àdúrà lo ní o fẹ́ gbà."

Adájọ́ ni à ń pe ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá ẹjọ́ sí. Òun àti bàbá rẹ̀ jáde, wọ́n fi mí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tó yá, fóònù mi dún. Adájọ́ ló fi fóònù bàbá rẹ̀ pè mí ní fídíò láti ìsàlẹ̀, níbi ògiri kékeré tó kọjú sí yàrá wa.

"Màmi, ẹ wò mí! Mo fẹ́ kọrin kí inú yín lè dùn."

Gíláàsì fèrèsé wà ní títì, ṣùgbọ́n mò ń rí i kedere. Ọwọ́ rẹ̀ pàdé, ó tún ṣí. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ dún nínú fóònù. Mo wo ìsàlẹ̀, mo wo fóònù. Ọmọ tó wà níwájú mi ti dákẹ́, ọmọ inú fóònù ṣì ń kọrin.

Bí ohùn ọmọ tó wà nísàlẹ̀ bá ń pẹ́ tó báyìí, mélòó mélòó ni ohùn tó ń ti ilé bọ̀? Mo ti fi ẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo fẹ́ pè é, ojú tì mí. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé tó bá di ìdájí, wọn kò ní gbé fóònù, wọ́n á dá orin láìsí mi.

Ìdájí kẹrin, ìpè mi dún lẹ́ẹ̀kan péré, Ìyàwó gbé e. Ojú rẹ̀ wú. Fóònù ti wà lára agolo ṣúgà, Màmá ti jókòó.

"Àǹtí mi, ẹ kú àárọ̀. A ti ń retí yín."

"Ìyàwó, orin mi máa ń pẹ́ dé, àbí?"

Ó wo Màmá. Màmá ló dáhùn: "Ó máa ń pẹ́. Èmi ni mo ní kó má sọ. Tó o bá gbọ́, ṣé o ò ní di ẹrù rẹ padà wálé lọ́jọ́ kejì?"

"Mo máa ń ka ení, èjì, kí ohùn yín lè dé tán, Àǹtí, kí n tó gbè é fún Màmá," Ìyàwó ní.

Mo kúnlẹ̀ níwájú fóònù. "Mo jẹ̀bi rẹ. Dárí jì mí."

"Háà! Àǹtí, ẹ dìde o! Ẹ má fi ìkúnlẹ̀ gégùn-ún fún mi!"

"Wọ́n jẹ̀bi lóòótọ́," Adájọ́ sọ láti abẹ́ aṣọ ìbora.

"Lónìí, ìwọ ni kí o dá a, Ìyàwó." Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi. Mo pa ohùn fóònù tèmi kí n má baà da orin rú, mo sì ń gbè é ní kọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ohùn mi ti fi bo ti Màmá. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ohùn ìsàlẹ̀ inú orin, ohùn tí bàbá mi máa ń kọ, ni Màmá ń kọ.

Ìyàwó mọ orin í dá jù mí lọ. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Nígbà tí a padà délé, a pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara wa. Ní ọjọ́ tirẹ̀, owú a tún yọjú lẹ́nu ọ̀nà; màá ní kó wọlé wá bá wa gbè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ohùn ẹni tí ẹ fẹ́ràn kò ní pẹ́ jù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá rìnrìn-àjò, ẹ ó bá ilé ní pípé, ẹ ó sì bá àyè yín lọ́kàn àwọn èèyàn yín. Àmín.